Ohun tó ń mú ọ̀dọ́ sanra jù kí oúnjẹ tó dé ẹnu

Bí ọ̀dọ́ kan bá sanra jù, ẹjọ́ tí àwọn èèyàn máa ń dá fún un ni pé wọ̀bìà ni. Ẹjọ́ yẹn kò tọ́, ó sì ń dunni, torí ohun púpọ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀ àti láàárín àwọn tó yí i ká kí òkèlè tó kan ẹnu.

Ẹ wo ọ̀dọ́ tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ má baà ká a mọ́ orí afárá. Kó tó padà délé, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù. Oúnjẹ tó yẹ kó jẹ lọ́sàn-án ló ń jẹ lóru, kò sì ní sùn ju wákàtí márùn-ún lọ.

Àìsùn nìkan tó láti pe ebi. Nínú ìwádìí kan tí Yunifásítì Chicago gbé jáde lọ́dún 2004, àwọn ọ̀dọ́kùnrin 12 tí ara wọn le sun wákàtí mẹ́rin péré lóru fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn wé ti ìgbà tí wọ́n ní wákàtí mẹ́wàá láti fi sùn, leptin tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó ti fi ìdá 18 nínú 100 dín kù, ghrelin tó ń ta ebi jí sì ti fi ìdá 28 lé sí i. Nǹkan dídùn, nǹkan oníyọ̀ àti oúnjẹ afáralókun ló wá ń wù wọ́n jẹ jù. Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé ìwà òun ló bàjẹ́.

Ìdààmú tún wà níbẹ̀. Owó ilé kò tíì pé, iṣẹ́ lè bọ́ nígbàkígbà. Ara máa ń tú họ́mọ̀nù cortisol jáde láti fi kojú ewu, ìyẹn sì dára bí ewu náà bá tètè kọjá. Bí ó bá di oṣooṣù, á máa fa ọkàn sí oúnjẹ, á sì máa kó ọ̀rá jọ sí ikùn. Ìpékeré àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń nà síni lójú fèrèsé ọkọ̀ ń tuni lára fún ìgbà díẹ̀ ní tòótọ́. Ọpọlọ kì í gbàgbé irú ìtura bẹ́ẹ̀. Bí wàhálà bá tún dé, ohun tó máa béèrè nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ará ilé náà ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́ tó rù, wọ́n á ní ìyà ń jẹ ẹ́. Èyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, wọ́n á kí i pé ayé ń yẹ ẹ́. Ọjọ́ tí ìsanra náà bá wá kọjá ibi tí wọ́n fẹ́, àwọn kan náà á sọ ọ́ ní orobo. Ẹ̀gàn kì í múni fọn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2013, àwọn tí wọ́n ti fojú tín-ín-rín wò nítorí ìsanra, tí wọn kò tíì sanra dé ìwọ̀n àìsàn, fi nǹkan bí ìlọ́po méjì àbọ̀ ṣeé ṣe láti débẹ̀ ju àwọn yòókù lọ láàárín ọdún mẹ́rin. Àgbàlagbà ni wọ́n yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ìtìjú kò mọ ọjọ́ orí: ọmọbìnrin tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tó ti ń sáré láàárọ̀ kì í fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́, yóò máa sá fún dókítà, yóò sì máa dá jẹun nínú yàrá níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i.