Báwo ni ayò ṣẹ́ẹ̀sì ọdún 1979 ṣe fàgbà han ChatGPT?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìròyìn jáde pé ayò ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ìṣeré Atari 2600 ní ọdún 1979 na ChatGPT. Báìtì 128 péré ni Atari yẹn ní láti fi rántí nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Ṣé òótọ́ ni?
Òótọ́ ni. Ìpele alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tilẹ̀ gbé Atari sí.

Kí ló wá ṣe ChatGPT?
Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wá ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Bí ayò náà ṣe ń lọ, ó ń pe rúùkù ní bíṣọ́ọ̀bù (irú ọmọ ayò méjì tó yàtọ̀ síra), ó sì ń gbàgbé ibi tí ọmọ ayò wà. Atari kò lè sọ gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan wà, ó sì ń wo ohun tó lè tẹ̀yìn ìgbésẹ̀ rẹ̀ yọ kó tó ta.

Báwo ló ṣe ń wò ó?
"Bí mo bá ta èyí, kí ni alátakò lè ta? Bó bá ta ìyẹn, kí ni èmi yóò ta?" Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó tètè ń pọ̀. Ọ̀nà 20 ló wà fún ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Bí alátakò bá fèsì, ó di 400. Bí àwọn méjèèjì bá ta ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì, ó di 197,281.

Ọgbọ́n tó gba ẹ̀rọ sílẹ̀ ló wù mí jù. Ká ní ó ti rí ìgbésẹ̀ kan tí kò ní pàdánù nǹkan kan. Ó wá ń yẹ òmíràn wò: kó gbé ayaba, ọmọ ayò tó lágbára jù, síbi tí pọ́ọ̀nù alátakò, ọmọ ayò tó kéré jù, ti lè pa á. Èsì àkọ́kọ́ tó rí ni pé pọ́ọ̀nù pa ayaba lọ́fẹ̀ẹ́. Èsì 30 mìíràn lè ṣẹ́ kù, kò ní wo ọ̀kan nínú wọn. Kì í ṣe ìméfò rárá. Alátakò ti ní èsì kan tó ba ìgbésẹ̀ yẹn jẹ́, àwọn yòókù kò lè tún un ṣe mọ́.

Níbo ló ti ń dúró?
Níbi tí agbára rẹ̀ bá mọ. Níbẹ̀ ni yóò ti díwọ̀n ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní: pọ́ọ̀nù 1, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù 3, rúùkù 5, ayaba 9, yóò sì wo ààbò ọba mọ́ ọn. Láti ọdún 2020, Stockfish, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ń lo ọpọlọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ti kọ́ ìdíwọ̀n lára ipò ayò rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró sáàárín ìpakúpa. Bí ayaba bá pa pọ́ọ̀nù tó ní ẹ̀ṣọ́, tí ẹ̀rọ sì dúró síbẹ̀, yóò rò pé òun jèrè 1, láìmọ̀ pé 9 ń lọ. Nítorí náà, yóò máa bá a lọ títí ìpakúpa yẹn yóò fi rọlẹ̀.

Kí ni +1 tí mo ń rí lójú fóònù bí mo bá fi Stockfish yẹ ayò wò?
Láti ẹ̀dà 15.1 ti Stockfish, +1 túmọ̀ sí pé funfun ní ìdá 50 nínú 100 láti borí, bí ẹni méjèèjì bá ta bíi Stockfish. Kò sọ pé ẹ̀yin yóò borí.

Ṣé ẹ̀rọ ti mọ ṣẹ́ẹ̀sì tán?
Rárá. Ibi tí ọmọ ayò bá ti ku méje tàbí kó dín nìkan ni a ti mọ èsì gbogbo ipò rẹ̀ dájú.

Ṣé kí n máa gbé ayò mi fún ChatGPT yẹ̀ wò?
Ẹ má ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni Stockfish. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú ara yín wá àṣìṣe yín, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ; bí ẹ bá kọ́kọ́ wo ìdáhùn, ojú yín kò ní là.

Ṣé kí ẹ̀rù bà wá?
Kọ̀ǹpútà Deep Blue borí Kasparov, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé nígbà náà, ní ọdún 1997, àwọn èèyàn ṣì ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Ìrẹ́jẹ ni kí ẹ bẹ̀rù: fóònù tó wà nínú àpò alátakò yín lágbára ju ògbóǹtarìgì àgbáyé lọ. Bí ìdíje bá ní ẹ̀bùn nínú, ẹ bi àwọn tó ṣètò rẹ̀ léèrè ibi tí fóònù yóò wà kí ẹ tó jókòó.