Bí Dùùrù Ńlá Saint-Sulpice Ṣe Ń Fọhùn

Ní apá gúúsù odò Seine ní ìlú Paris, ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kan wà tó ń jẹ́ Saint-Sulpice. Ó tóbi gan-an, díẹ̀ ló fi kéré sí Notre-Dame, ṣùgbọ́n kì í ṣe kàtídírà. Ṣọ́ọ̀ṣì páríìṣì ni, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti ń ṣe Mísà, ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Lókè ẹnu ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ ni dùùrù onífèrè kan wà tí àwọn olùtẹdùùrù ń ti ibi gbogbo láyé wá wò. Ọ̀wọ́ fèrè 102, ìyẹn àwùjọ fèrè tí adùn wọn jọra, ló wà nínú rẹ̀ lónìí. Dùùrù tó tóbi jù ú lọ pọ̀ láyé. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni pé fèrè tí wọ́n ṣe ní 1781 àti èyí tí wọ́n ṣe ní 1862 ṣì ń fọhùn pọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ tó so wọ́n pọ̀ sì wà bí ẹni tó ṣe é ṣe fi í sílẹ̀.

Púpọ̀ nínú dùùrù tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, oníná ni wọ́n: ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń gbé ohùn wọn jáde. Àmọ́ ẹni tó bá ti ṣe ìsìn ní Kàtídírà Kristi ní Marina, l'Ékòó, ti gbọ́ dùùrù onífèrè gidi rí, ó sì mọ̀ pé ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń dún nínú igi àti irin.

Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ péjú kí irú dùùrù bẹ́ẹ̀ tó lè fọhùn: afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ dúró sójú kan, fèrè tí afẹ́fẹ́ náà yóò gbà kọjá, àti ọ̀nà tí olùtẹ yóò fi yan fèrè tó fẹ́. Ẹwìrì ló ń pèsè afẹ́fẹ́, bíi ti alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n ti dùùrù tóbi débi pé, kí iná mànàmáná tó dé, àwọn ọkùnrin alágbára ló máa ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ Mísà títí dé òpin. Ẹ̀rọ oníná ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn báyìí. Afẹ́fẹ́ náà kì í lọ tààrà sínú fèrè. Inú àpótí kan tí wọ́n fi pákó àti awọ ṣe ló kọ́kọ́ ń wọ̀. Ohun wíwúwo wà lórí àpótí náà tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí agbára afẹ́fẹ́ má baà máa lọ sókè sódò. Bí agbára yẹn bá yẹ̀ díẹ̀, etí á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀: ohùn á máa gbọ̀n, orin á sì bàjẹ́.

Oríṣi fèrè méjì ló wà. Fèrè ẹlẹ́nu ni àkọ́kọ́. Ojú ihò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á kọ lu ètè ihò náà, èyí tó wà nínú fèrè á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gígùn fèrè ló ń pinnu bí ohùn yóò ṣe rẹlẹ̀ tó. Èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 ló ń dún ohùn tó rẹlẹ̀ jù lórí kíì tí ìka ń tẹ̀. Tí wọ́n bá dín in sí ẹsẹ̀ bàtà 4, ohùn kan náà ni yóò dún, ṣùgbọ́n yóò gòkè ní ọ̀kítéèfù kan, ìyẹn láti dò kan dé dò tó tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di 16, yóò lọ sílẹ̀ ní ọ̀kítéèfù kan. Saint-Sulpice ní èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 32, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 10. Nǹkan bí ìgbà 16 péré ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ohun tí etí lè mú. Àyà àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí fèrè ṣe fẹ̀ tó náà ń yí adùn ohùn padà: èyí tó fẹ̀ ń dún rọ̀bọ̀tọ̀, èyí tó tín-ín-rín ń dún bí okùn gòjé. Àdàlù tánganran àti òjé ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń fi pákó ṣe àwọn mìíràn.

Fèrè aláhọ́n ni oríṣi kejì. Ahọ́n idẹ pẹlẹbẹ kan wà ní ìdí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń mú gbọ̀n, ibẹ̀ sì ni ohùn kàkàkí àti ti àwọn fèrè líle mìíràn ti ń jáde. Dùùrù ilẹ̀ Faransé lókìkí gan-an lórí irú fèrè yìí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ojú ọjọ́ bá gbóná, ohùn fèrè ẹlẹ́nu á gòkè, ti aláhọ́n ò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà, àwọn méjèèjì á sì ṣe bẹ́ẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Ìdí nìyí tí atúnṣe fi máa ń gun inú dùùrù lọ lemọ́lemọ́ láti tún ohùn àwọn aláhọ́n ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn fèrè tí adùn wọn jọra, láti èyí tó gùn jù títí dé èyí tó kúrú jù, ni wọ́n ń kó sí ọ̀wọ́ kan. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá kékeré tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó olùtẹ. Bí kò bá fa ọ̀pá náà síta, ọ̀wọ́ yẹn kò ní dún bó ti wù kó tẹ kíì tó. Bó bá sì fà á tí kò tẹ kíì, kò ní dún bákan náà. Ibi tí ọ̀pá tí wọ́n fà àti kíì tí wọ́n tẹ̀ bá ti pàdé nìkan ni ìdérí máa ń ṣí, tí afẹ́fẹ́ á sì wọ fèrè. Ní Saint-Sulpice, ìpele kíì márùn-ún ló wà fún ọwọ́, àti ìpele kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn ọ̀pá náà tò yí olùtẹ ká ní àkàbà-àkàbà, olùrànlọ́wọ́ sì máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fà wọ́n, nítorí pé kò sí kọ̀ǹpútà tó ń bá a rántí wọn.

Báwo ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì páríìṣì? Ọdún 1646 ni Anne ará Austria, ìyá Ọba Louis kẹrìnlá, fi òkúta ìpilẹ̀ ilé tó wà níbẹ̀ báyìí lélẹ̀. Owó tán, gbèsè pọ̀, iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ìṣọ́ tó wà ní apá gúúsù ò sì parí títí di òní. Orin ti wà níbẹ̀ kí ilé tó parí: Guillaume-Gabriel Nivers tẹ dùùrù fún páríìṣì yìí ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, Louis-Nicolas Clérambault sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ilé dé òpin, wọ́n gbé iṣẹ́ dùùrù tuntun fún François-Henri Clicquot, tí kò sẹ́ni tó jù ú lọ nínú iṣẹ́ náà ní Faransé nígbà yẹn. Ayàwòrán ilé tó ń jẹ́ Jean-François Chalgrin ló ya àpótí ńlá tó gbé dùùrù náà, pẹ̀lú òpó àti ère bí tẹ́ḿpìlì àwọn Gíríìkì. Ní 1781 ni wọ́n ṣí i, pẹ̀lú ìpele kíì márùn-ún àti ọ̀wọ́ fèrè 64.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ìṣọ̀tẹ̀ ńlá ilẹ̀ Faransé bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ìjọba tuntun ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pa, wọ́n sì ta fèrè dùùrù káàkiri ilẹ̀ náà nítorí irin ara wọn. Wọ́n sọ Saint-Sulpice di Tẹ́ḿpìlì Ìṣẹ́gun. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti se àsè ńlá fún Bonaparte ní oṣù kọkànlá 1799. Dùùrù Clicquot la gbogbo rẹ̀ já. Ọwọ́ àwọn tó fẹ́ tún un ṣe ló ti fẹ́ ṣòfò lẹ́yìn náà: nígbà tí ilé iṣẹ́ Daublaine-Callinet ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, Louis Callinet bá àwọn alájọṣe rẹ̀ jà, ó sì fi ìbínú ba iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe jẹ́.

Aristide Cavaillé-Coll ni iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ níkẹyìn. Ọmọ ìlú Montpellier ni, ìran rẹ̀ ló sì ń kan dùùrù. Ohun tó ṣe níbẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tún ohun àtijọ́ ṣe fara balẹ̀ wò. Ó lè yọ́ fèrè Clicquot kó fi ṣe tuntun. Irin náà níye lórí, àṣà sì ti yí padà kúrò lára irú ohùn bẹ́ẹ̀. Kò ṣe é. Ó tú wọn palẹ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó dá púpọ̀ wọn padà sínú dùùrù tuntun, ó sì fi tirẹ̀ kún un títí ó fi di ọ̀wọ́ 100, tí àpapọ̀ fèrè sì tó nǹkan bí 7,000. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 1862 ni wọ́n ṣí i. Nítorí náà, ohùn aláhọ́n tó mú bí ọ̀bẹ, ti ayé ọba, àti ohùn jíjinlẹ̀ tó wú bí ìgbì, ti sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ló ń jáde láti inú àpótí kan náà.

Títóbi bẹ́ẹ̀ mú ìṣòro kan wá. Kíì kọ̀ọ̀kan ń fa ìdérí fèrè pẹ̀lú ọ̀pá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú dùùrù kọjá. Bí olùtẹ bá so ìpele méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n lè dún pọ̀, ìka kan ṣoṣo á máa ṣí ọ̀pọ̀ ìdérí lẹ́ẹ̀kan náà, kíì á sì le débi pé apá á ro ó. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Spackman Barker, ló rí ojútùú: kíì á ṣí ojú ihò kékeré kan, afẹ́fẹ́ á sáré wọ inú ẹwìrì kékeré, ẹwìrì náà á wú, òun ló sì máa fa ọ̀pá tó wúwo. Afẹ́fẹ́ dùùrù fúnra rẹ̀ wá ń ran ìka lọ́wọ́. Cavaillé-Coll ti kọ́kọ́ lò ó ní basílíkà Saint-Denis ní 1841. Ní Saint-Sulpice, bí kò bá sí i ni, ìpele márùn-ún ì bá ti jẹ́ ìyà fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀. Ó tún kó àwọn fèrè ìpele kan sínú yàrá onípákó tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí tó ń padé bí olùtẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan. Bí ohùn ṣe ń rọra tú jáde tó tún ń rọra fà sẹ́yìn nìyẹn.

Dùùrù mìíràn wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Cavaillé-Coll kan náà ló ṣe é, ní 1858. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá ilẹ̀ Faransé nìyẹn: dùùrù kékeré ń bá àwọn akọrin lọ, dùùrù ńlá sì ń dáhùn láti òkè ẹnu ọ̀nà, ó ń kún àárín ètò Mísà, ó ń sin Fáda wọlé ó sì ń sìn ín jáde. Gabriel Fauré tẹ dùùrù kékeré yìí ní ọdún 1871 sí 1874, nígbà tí Charles-Marie Widor ń tẹ dùùrù ńlá lókè. Ẹnì kan á dá orin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èkejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kejì ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní oṣù kìíní 1870 ni wọ́n fi Widor sípò, fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n sọ. Ọdún 64 ló lò níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Marcel Dupré, gba ipò náà ní 1934, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1971. Iye ọdún wọ̀nyí ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Ní sẹ́ńtúrì ogún, wọ́n yí ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ dùùrù Cavaillé-Coll padà sí oníná, wọ́n sì yí fèrè wọn padà kí wọ́n lè bá àṣà ọjọ́ náà mu; ti Notre-Dame àti ti Sainte-Clotilde wà nínú wọn. Ní Saint-Sulpice, ọkùnrin méjì tó tẹ̀ léra ló ṣọ́ dùùrù fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, àwọn méjèèjì sì fẹ́ ẹ bó ṣe wà. Ọ̀wọ́ méjì péré ni wọ́n fi kún un, fún ìpele tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Daniel Roth, tó tẹ̀ ẹ́ láti 1985 di 2023, tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà.

Lábẹ́ òfin 1905 tó ya ṣọ́ọ̀ṣì kúrò lára ìjọba, ìlú Paris ló ni ilé àti dùùrù, páríìṣì ló ń lò wọ́n. Ìlú ló ń sanwó àtúnṣe ńlá. Páríìṣì ló ń rí i pé a tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ètò yìí ní ìnira tirẹ̀, torí pé owó ìlú kì í tètè dé, ẹ̀gbin àbẹ́là àti ti ọkọ̀ ìgboro ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Eruku ń wọ ẹnu fèrè, awọ ẹwìrì ń gbẹ ó ń ya. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2019, iná jó ẹnu ọ̀nà apá gúúsù ṣọ́ọ̀ṣì náà, oṣù kan kí Notre-Dame tó jó. Kò dé ibi tí dùùrù wà. Lẹ́yìn Mísà ńlá ọjọ́ Ìsinmi, olùtẹ máa ń jókòó síbẹ̀ láti tẹ orin fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró, ọ̀fẹ́ sì ni.