Kí ló dé tí oúnjẹ tálákà fi ń di oúnjẹ olówó?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá ṣe agùnbánirọ̀ ní Àbújá, ọ̀dọ̀ mi ní Kubwa ló sì ń gbé. Òṣogbo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Láti oṣù mẹ́ta tó ti dé, agbára káká ni ìrọ̀lẹ́ kan fi ń kọjá tí kò ní ti ibi iṣẹ́ tàbí ọjà mú ìbéèrè kan bọ̀ nípa oúnjẹ: ohun tí ọ̀gá wọn ń jẹ, ohun tí àwọn awakọ̀ ń jẹ, iye tí wọ́n ta nǹkan fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sílẹ̀, torí ó tó mẹ́ta nínú wọn tí mo ní láti lọ sùn lé lórí kí n tó lè dáhùn. Àwọn tó dùn mí lọ́kàn jù nìyí, bí mo ṣe dá a lóhùn.

Ìbéèrè: Àǹtí, ọ̀gá wa pátápátá àti awakọ̀ wọn jọ jẹ àmàlà ní búkà kan náà lónìí. Ṣé oúnjẹ wá ń fi olówó hàn lóòótọ́?

Ó ń fi wọ́n hàn, àmọ́ kì í ṣe ibi tí o wò. Láti December 12, 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó wá síbí, ìlú òṣìṣẹ́ ọba ni Àbújá. Ọ̀gá àti awakọ̀ lè jọ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, kó jẹ́ àmàlà kan náà ni ìyá àwọn méjèèjì rò fún wọn lọ́mọdé. Ọ̀fun wọn kò yàtọ̀. Tí o bá tún débẹ̀, fi àmàlà sílẹ̀, fi gbẹ̀gìrì àti ewédú sílẹ̀, ẹran ni kí o máa wò. Ọ̀gá á ní kí wọ́n fi ògúnfe sí i, kí wọ́n fi ṣàkì sí i, kí wọ́n wá bọ́kọ̀tọ̀ kan kún un. Awakọ̀ á gba pọ̀nmọ́ kan, á wá nawọ́ sí ẹ̀dọ̀ kékeré kan, á béèrè pé, “Èló nìyẹn?” kó tó ní kí wọ́n bù ú. Ìbéèrè “èló nìyẹn” yẹn ni kí o fetí sí. Ọ̀gá kò bi ẹnikẹ́ni.

Wo aago náà. Ọ̀gá jẹ àmàlà torí pé ó ń wù wọ́n láti àná. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni awakọ̀ jáde nílé ní Mararaba, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa lọ́hùn-ún, kó má bàa há sínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Nyanya, kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ lóòótọ́. Ọ̀kan ń ṣe fàájì, ọ̀kan ń ṣínu.

Ìbéèrè: Mọ́mì ní nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ẹni tí kò rówó ra ìrẹsì òyìnbó ló ń jẹ Òfàdà. Kí ló wá dé tó fi wọ́n tó báyìí?

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n mi sọ, inú ilé kan náà la dàgbà sí. Ìrẹsì òyìnbó funfun tí owó epo rọ̀bì kó wọlé láàárín ọdún 1970 sí 1980, oúnjẹ Kérésì àti Iléyá ni nílé wa. Òfàdà ní òkúta, ó ní òórùn tirẹ̀. Ìyá wa á jókòó ti àtẹ láti ọ̀sán, wọn á máa ṣa òkúta, síbẹ̀ eyín á ṣì ta kò ó lálẹ́. Nígbà tí ìjọba wá fòfin de kíkó ìrẹsì wọlé ní 1985, tí òfin náà wà títí di 1995, iyì ìrẹsì òyìnbó tún ròkè sí i. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ lásán, á sọ ọ́ ní ilé ìwé.

Nígbà tó yá, gbogbo ènìyàn ń jẹ ìrẹsì funfun. Oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn bá ti ń jẹ kò lè fi ẹnikẹ́ni hàn mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀ á wá nǹkan mìíràn. Òfàdà ni wọ́n rí. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbìn ín kò pọ̀, ẹ̀rọ ti bá wọn yọ òkúta kúrò, wọ́n wá dì í sínú ewé eéran, wọ́n bu ayamáṣe lé e. Lóde ìnáwó ní Àbújá níbí, ìlà orí Òfàdà máa ń gùn ju ti ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ lọ. Ewé tí wọ́n fi dì í gan-an, ọkọ̀ ló gbé e wá láti ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún. Olówó tó ń tú ewé yẹn ń ra ìgbà èwe rẹ̀ padà, láìní òkúta nínú. Èmi kò bá a wí, torí èmi náà máa ń tò.

Tún yẹ ti acha wò, irú ọkà kan ni. Òkè Jos àti gúúsù Kàdúná ni wọ́n ti ń gbìn ín jù. Hóró rẹ̀ kéré bí iyanrìn, iyanrìn gidi sì máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn, fífọ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àṣelàágùn. Àwọn òyìnbó amúnisìn fi orúkọ bú u: wọ́n ń pè é ní ìrẹsì ebi. Lónìí, àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ń wá a kiri, torí wọ́n gbà pé kì í tètè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, o sì lè rí i nínú ọ̀rá tó ń dán ní àwọn ilé ìtajà ńlá ní Wuse. Iṣẹ́ àfọ̀mọ́ yẹn ni wọ́n ń sanwó fún. Obìnrin kan wà tí mo máa ń ra acha lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá òun ni wọ́n ń jẹ nílé. Ó ní rárá, tuwo àgbàdo ni. Ó ní táwọn bá jẹ acha, kí làwọn máa tà? Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò nínú mi.

Zogale náà nìyẹn, igi ẹ̀yìnkùlé àwọn Haúsá, tí ọmọdébìnrin ń fi àtẹ gbé kiri pẹ̀lú kúlíkúlí gígún. Ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ pé òun ni gbogbo ayé ń pè ní moringa, ó di ìyẹ̀fun inú ìgò.

Pọ̀nmọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Òun ni ẹran ẹni tí kò lẹ́ran. Àmọ́ ní 2022, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba tó wà ní Zaria sọ pé ó yẹ kí wọ́n fòfin de jíjẹ rẹ̀, pé awọ tó yẹ kí ilé iṣẹ́ fi ṣe bàtà àti báàgì la ń kó sínú ọbẹ̀. Ilé iṣẹ́ awọ nílò awọ lóòótọ́. Ohun tó dùn mí ni pé nínú gbogbo àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e, díẹ̀ lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ló béèrè ohun tí ẹni tó ń fi pọ̀nmọ́ jẹ ẹ̀bà máa fi rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé oúnjẹ olówó náà máa ń já wálẹ̀?

Ó máa ń já. Indomie wọ orílẹ̀-èdè yìí ní 1988, nígbà tó di 1995 wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀tà. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ gbé e wá sílé ìwé nínú fúláásìkì, a máa ń yí i ká ni. Ní báyìí, jáde sí ìkóríta èyíkéyìí ní Kubwa ní aago mẹ́fà àárọ̀, wàá bá onítíì, mai shayi, tó ń se é pọ̀ mọ́ ẹyin fún àwọn bíríkìlà tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ìbéèrè: Àǹtí, mo ra òróró nínú ọ̀rá lónìí, mo wá ṣírò rẹ̀. Ó wọ́n ju ti inú kẹ́ẹ̀gì yín lọ! Kí ló dé tó jẹ́ ẹni tí kò lówó ló ń ra nǹkan ní ọ̀wọ́n?

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí o mọ̀ kí o tó kúrò ní ìlú yìí.

Jẹ́ ká fi owó tó rọrùn láti kà ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe iye ọjà òní. Ká ní kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 jẹ́ 50,000 náírà. Lítà kan já sí 2,000. Ìyá tó ń tà á ní ọ̀rá wá rọ mílílítà 70 sínú ọ̀rá kan, ó ń tà á ní 200. Lọ́wọ́ ẹni tó ń ra ọ̀rá, lítà kan ti lé ní 2,800. Nígbà tó bá fi ra lítà 25 tán, owó tó lé ní 71,000 ti jáde lápò rẹ̀. Ó ti fi ohun tó lé ní 21,000 ju ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ, òróró kan náà.

Má bá ìyá ọlọ́ràá jà. Ó ra ọ̀rá, ó dúró sínú oòrùn, èyí tó bá dànù, tirẹ̀ ni. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbé kalẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ta ló fẹ́ yọ 50,000 kúrò nínú ìyẹn fún òróró nìkan? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrẹsì àti gàrí. Mùdù la fi ń wọ̀n wọ́n níbí, bí ẹ ṣe ń fi kọ́ńgò wọ̀n ọ́n ní Òṣogbo. Ẹni tí kò lè ra àpò á ra mùdù, ẹni tí kò lè ra mùdù á ra agolo mílíìkì, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ á máa fi díẹ̀díẹ̀ wọ́n sí i.

Ti ibi ìpamọ́ tún wà níbẹ̀. Mo lè se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan torí mo ní fìríìsà. Láti oṣù kẹrin 2024, àdúgbò tí wọ́n kà sí ipele A, tó yẹ kó ní iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ti ń san owó tó ga. Àdúgbò tí iná kò ti dúró, ọbẹ̀ ọjọ́ méjì á kan, nítorí náà ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ sọ́jà. Ẹ̀wà tí a ń pè ní oúnjẹ mẹ̀kúnnù, ká tilẹ̀ fi iye tí wọ́n ń tà á sílẹ̀, èédú tàbí gáàsì tí yóò jẹ kó tó rọ̀ ńkọ́?

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Ernst Engel ti ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1857: bí owó tó ń wọlé fún ìdílé bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpín tí oúnjẹ ń mú nínú rẹ̀ ṣe máa ń tóbi tó. Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, NBS, wo ìnáwó àwọn ìdílé ní 2019. Nínú 100 náírà tí wọ́n ná, oúnjẹ gba ohun tó lé ní 56. Àwọn baba wa ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Wo iye tó ń kù nínú 100 náírà nígbà tí ebi kò tíì kúrò: ilé ìwé, oògùn, owó ọkọ̀, owó ilé.

Ìbéèrè: Obìnrin kan tò níwájú mi lọ́jà, ìrẹsì tó rún wẹ́wẹ́, tó dúdú, ló rà. Kí nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ afafata. Ohun tó kù nílẹ̀ ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ ìrẹsì tán. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń sin ẹja ni wọ́n máa ń tà á fún tí wọn kò bá dà á nù. Orúkọ Haúsá rẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ìjàkadì, torí ṣíṣà rẹ̀ àti sísè rẹ̀ le. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, náírà já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àwọn ìdílé ní òkè Ọya ti ń ra afafata fún ara wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, NBS sọ pé oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ.

Má wo obìnrin yẹn tìyanutìyanu tí o bá tún rí i. Kí i.

Ìbéèrè: Wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń mu gàrí níbi iṣẹ́. Ṣé kí n máa lọ mu ún ní kọ̀rọ̀?

Rárá o. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wò ọ́ ló fi gàrí jáde yunifásítì, òun náà ló sì ń gbà wọ́n nílé tí oṣù bá ti fẹ́ parí. Àwo oúnjẹ tí wọ́n ń rà sórí tábìlì ní ọ̀sán, àwọn ẹlòmíì ń rà á lórí àwìn. Mo mọ̀, torí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún odindi ọdún kan nígbà tí mo kọ́kọ́ ríṣẹ́, kí wọ́n má bàa rí mi pẹ̀lú ike. Gbèsè ọ̀sán yẹn ni kò jẹ́ kí n lè san owó ilé lásìkò lọ́dún náà.

Kò tíì gbà mí gbọ́. Ẹ̀yìn ibi tí ẹ̀rọ amúnáwá wà ló ṣì ń gbé ike rẹ̀ lọ. Mo ti ra kúlíkúlí sílẹ̀ fún un, mo sì ti wá ike tó tóbi díẹ̀ sí i, tó lè tó ènìyàn méjì.