Obìnrin yẹn ò lóyún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́ pé oyún oṣù mélòó ni obìnrin aláṣọ àwọ̀ ewé yẹn ní. Kò lóyún. Àwòrán tọkọtaya tí Jan van Eyck yà lọ́dún 1434 ni mò ń wí, èyí tó wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Aṣọ ló kó jọ síwájú ikùn, tó fọwọ́ gbá a mú. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ tó ń wọ́lẹ̀ rí á mọ̀. Van Eyck yìí kan náà ya Catherine Mímọ́ lọ́dún 1437, ikùn tiẹ̀ náà yọ síwájú, bẹ́ẹ̀ wúńdíá ni.

Aṣọ olówó ńlá ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń rẹ irú àwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, nínú aró àti nínú àwọ̀ ìyeyè. Ọsàn tó wà létí fèrèsé, òkèèrè ló ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn kan á gbé fóònù sókè, wọ́n á máa túmọ̀ àwòrán bí ẹni ń túmọ̀ àlá: ọsàn ni ọmọ, ajá ni ìfẹ́ òtítọ́, dígí ara ògiri ni àjẹ́. Àjẹ́ kẹ̀! Ẹni méjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló wà nínú dígí. Ajá yẹn gan-an, kò sí nínú ìlà tí van Eyck kọ́kọ́ fà. Iṣẹ́ ti lọ jìnnà kó tó fi í sí i.

Etí ẹnu àti ìpéǹpéjú ni kí ẹ wò bí ẹ bá fẹ́ mọ inú àwọn tó wà nínú àwòrán. Ọ̀dà olóròóró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kan lórí èkejì, ló di òjìji tó wà níbẹ̀. Bí èyí tó wà lókè bá ṣí, ojú yí padà nìyẹn.

Ẹnìkan gbé àwòrán ìyá arúgbó kan wá bá mi. Wọ́n ní kó fi ọ̀dùnkún nù ún, kó sì fi ọṣẹ ṣàn án. Ọ̀dùnkún! Èmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àtúnṣe àwòrán fún ọdún mọ́kànlélógún, òwú tí kò ju orí ìṣáná lọ ni mò ń lò, itọ́ ara mi ni mo sì fi ń dán an wò kí n tó mú oògùn kankan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, itọ́ ni.

Ó fi fọ́tò àtijọ́ hàn mí lórí fóònù rẹ̀: ìyá ń rẹ́rìn-ín sínú. Èyí tó wà lórí tábìlì mi, ẹnu rẹ̀ rí pẹrẹsẹ bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Mo ní kànìnkànìn tó fi fọ̀ ọ́ ńkọ́? Ó lóun ti jù ú nù.