Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìṣirò Láàárín Wa, àti Ohun Tó Lè Ṣe Nínú Kíláàsì

Ẹni tó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti ṣe ìṣirò mẹ́ta kí ó tó pa ẹnu dé: ó mú ogún lọ́nà mẹ́ta, ó yọ mẹ́wàá kúrò, ó sì tún yọ márùn-ún kúrò nínú èyí tó kù. Ojoojúmọ́ ni ará Ọ̀yọ́ àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣe èyí láìfura. Síbẹ̀, ọmọ wọn lè jáde ní ilé-ìwé gíga láìgbọ́ ibi tí irú ìkà bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ CMS tó gbé ní Ìjàyè kí ogun tó tú ìlú náà ká ní 1862, gbà pé ìdí òkìtì owó ẹyọ ni ó ti ṣẹ̀ wá, ó sì ṣàlàyé èrò rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1887. Bí a bá tú àpò owó sílẹ̀, ẹni tí yóò kà á a jókòó tàbí kí ó kúnlẹ̀ tì í, a máa fi ọwọ́ fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún, a sì máa ka iye ìgbà tó fà á nínú ara rẹ̀ títí yóò fi pé ogún, èyí tó túmọ̀ sí pé ọgọ́rùn-ún ẹyọ ti pé. Yóò ka ọgọ́rùn-ún mìíràn, yóò gbá òkìtì méjèèjì pọ̀, wọ́n á di igba, igba mìíràn á sì tún dà lé e. Ẹni tó bá fi ojú inú wo ọwọ́ tó ń fa ẹyọ yìí yóò rí i pé kò sí ohun tó tún lè jẹ́ àtẹ̀gùn fún àwọn iye ńlá ju igba lọ: ẹgbẹ̀ta ni igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀rin ni igba mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún ni igba márùn-ún.

Owó tí a sin sókùn ní ètò tirẹ̀. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ 20,000, tí í ṣe ọ̀kẹ́ kan. Láti erékùṣù Maldives nínú òkun India ni ẹyọ ti kọ́kọ́ wá. Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn tó tóbi jù ú lọ wá láti agbègbè Zanzibar, owó sì pọ̀ lọ́jà títí iyì rẹ̀ fi wálẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìlú tí kò ní orúkọ fún iye ńlá kò ní lè rajà. Títí di òní, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ń pe mílíọ̀nù kan.

Àwọn ìyá wa lọ́jà kò sì dákẹ́ lórí ọ̀kẹ́. Bí ẹnìkan bá dé ọ̀dọ̀ elélùbọ́ ní Akẹ̀sán, tó béèrè pé, "Ẹ kú ọjà o, ìyá, èló ni kóńgò kan?", tí ìyá sì dáhùn pé, "Àpò mẹ́wàá ni, ọmọ mi," ₦2,000 ni ó pè é. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni àpò kan láyé owó òyìnbó. Nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, àpò kan di ₦200, ọjà sì ń bá a lọ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó fa fóònù yọ kí ó tó lè mọ iye tí àpò mẹ́tàdínlógún jẹ́, tí ìyá ọlọ́jà sì ti ń ka ṣéńjì fún ẹlòmíràn.

Ọ̀nà mìíràn ni ìṣirò ilé-ìwé gbà dé. Ilẹ̀ India ni wọ́n ti ṣẹ̀dá àwọn àmì tí a fi ń kọ iye, ibẹ̀ sì ni Brahmagupta ti kọ òfin bí a ṣe ń fi òdo ṣe ìṣirò ní ọdún 628. Al-Khwarizmi kọ ìwé lé wọn lórí ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, Leonardo ará Pisa sì fi ìwé tó kọ ní 1202 ti ìlò wọn síwájú láàárín àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ítálì. Àwọn oníwàásù ni wọ́n gbé wọn wọ ilé-ìwé wa. A kò lè sọ pé wọn kò ka ìkà tiwa sí, nítorí Thomas Jefferson Bowen, Onítẹ̀bọmi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858, Samuel Johnson, àlùfáà tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú ní 1901, sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún bí a ṣe ń ka iye nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Ṣùgbọ́n inú ìwé èdè àti ìwé ìtàn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà: nígbà tí St Andrew's College bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ ní 1896, ìṣirò òyìnbó ni iṣẹ́, ìkà ilé sì di ohun tí a ń fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

Àtúnṣe tó tẹ̀ lé e kò wo ẹ̀yìn. Ní ọdún 1962 ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní Entebbe, ní Uganda, láti kọ ìwé ìṣirò ìgbàlódé fún ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí ìṣirò ìgbàlódé yìí dé Nàìjíríà, àwọn òbí àti olùkọ́ pariwo, ìjọba àpapọ̀ sì pa á tì lẹ́yìn ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Benin ní 1977. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní 1976, ní ìlú Karlsruhe ní Jámánì, àwọn olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti wádìí ohun tí ìtàn ìṣirò lè ṣe fún kíkọ́ni.

Àwọn olùkọ́ kan ní àyè kò sí, pé sílábọ́ọ̀sì ti kún, pé ìdánwò WAEC kì í béèrè ìtàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, bó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú àwọn ará Gíríìkì ni wọ́n pè ní ìtàn. Irú ìyẹn kò ran ọmọ kankan lọ́wọ́, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà tó bá yọ ọ́ kúrò. Bákan náà ni mo rí àṣejù àwọn tó ń sọ pé kò sí ohun tí àwọn baba wa kò mọ̀ nínú ìṣirò. Ẹni tó ń fa ẹyọ kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ìkà rẹ̀ kò sì rọrùn fún ìsọdipúpọ̀ gígùn lórí ìwé.

Ìtàn tó wúlò ni èyí tó ń fi ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ yóò ti kọ hàn olùkọ́. Ọmọ kíláàsì kìíní ní Ọ̀yọ́ tó gbọ́ mọ́kàndínlógún gbọ́ ọ̀kan, ó gbọ́ ogún. Kò gbọ́ mẹ́wàá, kò gbọ́ mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ 1 àti 9 ni a ní kí ó kọ. Olùkọ́ tí kò mọ ibi tí ìkà yìí ti wá yóò pè é ní olódo. Èyí tó mọ̀ ọ́n yóò da hóró àgbàdo sílẹ̀, yóò ní kí àwọn ọmọ fà á ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di ogún, kí wọ́n yọ ọ̀kan, kí wọ́n sì tún un kà ní mẹ́wàá àti ìyókù, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹfun.

Iye tó kéré sí òdo tún le ju èyí lọ, kì í sì í ṣe fún ọmọdé nìkan. Ní 1758, Francis Maseres, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ odindi ìwé jáde láti ta ko ìlò àmì ìyọkúrò fún irú iye bẹ́ẹ̀. Brahmagupta ní tirẹ̀ ti pè wọ́n ní gbèsè ní nǹkan bí 1,100 ọdún ṣáájú, ó sì pe àwọn tó ju òdo lọ ní ìní. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìyá rẹ̀ ń dá àjọ mọ gbèsè dáadáa. Ẹni tó jẹ ₦300 tó wá rí ₦500, ₦200 ni yóò kù sí i lọ́wọ́ bó bá san án. Òfin tó máa ń da gbogbo kíláàsì rú, pé gbèsè lọ́nà gbèsè di ìní, náà wà nínú ìwé Brahmagupta. Bí a bá mú gbèsè ₦200 mẹ́ta kúrò lọ́rùn ènìyàn, ó ti fi ₦600 sàn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Kí àwọn ọmọ jiyàn lórí ìyẹn dáadáa, kí wọ́n fi owó ara wọn dán an wò, kí olùkọ́ tó kọ −3 × −200 = 600 sí ara pátákó.