Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Owó Lé Àtúnṣe AC Ọkọ̀ ní Òṣogbo, àti Ìdí Tó Fi Máa Ń Ga

Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, nígbà tí oòrùn Òṣogbo bá ń mú gan-an tí òjò kò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń rí i pé AC ọkọ̀ wọn kò tutù mọ́. Èsì tí wọ́n máa ń gbà lọ́dọ̀ oníṣẹ́ kì í sábà ju méjì lọ: wọ́n ní gáàsì ló tán, tàbí wọ́n ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló kú. Ti àkọ́kọ́ kì í náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí àìsàn náà fi ń padà wá. Ti èkejì a máa gba owó gọbọi. Ohun tó sábà máa ń ṣọ̀wọ́n nínú èsì méjèèjì ni ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye owó tí wọ́n bá dá lé iṣẹ́ láìṣe àyẹ̀wò kò yàtọ̀ sí àbá.

AC kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ló ń kó kúrò nínú ọkọ̀ tí ó ń lọ dà síta. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀, tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, ló ń tẹ gáàsì pọ̀ títí yóò fi gbóná, tí ó sì ń tì í lọ sínú kọ̀ndẹ́nsà tó wà níwájú rédíétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ àti fáànù ti ń gba ooru lára rẹ̀ tí ó fi ń di olómi. Olómi yìí yóò gba inú dráyà kọjá, èyí tó ń sẹ́ ìdọ̀tí àti ọ̀rinrin kúrò, kí ó tó dé ojú fáàfù tóóró kan tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú kóìlì ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni yóò ti tún di gáàsì, ooru afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ni yóò sì fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí omi àmù ṣe ń tutù nítorí pé èyí tó ń gbẹ lára ìkòkò ń gbé ooru lọ. Lẹ́yìn náà, gáàsì yóò padà sínú kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìrìn àjò náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ọ̀nà yìí ni wọ́n dí pa. Gáàsì AC kì í jó tán bí bẹntiróòlù, kò sì sí ohun tó ń jẹ ẹ́. Lóòótọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ lè máa gba ara họ́ọ̀sì rọ́bà jáde láàárín ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n rọ gáàsì sí ní oṣù kìíní tí kò sì tutù mọ́ ní oṣù kẹta ní ibi tó ti ń jò. “Gáàsì ti tán” kì í ṣe orúkọ àìsàn. Àmì àìsàn ni. Ẹni tó bá ń sanwó gáàsì léraléra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá ibi tó ń jò ti san owó àtúnṣe náà tán ní ìdá-ìdá, kò sì rí àtúnṣe gbà.

Ọ̀rọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni ìtàn rẹ̀ gùn jù. Òróró tó ń mú kí inú rẹ̀ máa yọ̀ kò dúró sójú kan, inú gáàsì ló máa ń bá rìn kiri. Nítorí èyí, wọ́n fi súwíìṣì kan sí ara ọ̀nà gáàsì, tí yóò gé iná kúrò lára kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tó ń so kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mọ́ agbára bẹ́líìtì, bí gáàsì bá ti dín jù, kí ó má baà yí ní gbígbẹ kí ó sì ba ara rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lásìkò náà yóò rí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó dúró gbagidi, yóò sì sọ pé ó ti kú, nígbà tó jẹ́ pé ààbò rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Fíúsì tó jó, rílè (súwíìṣì kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́) tó ti gbó àti wáyà tó já lè fa irú ìdúró kan náà. Kílọ́ọ̀ṣì pàápàá ní ìwà tirẹ̀: àlàfo tó yẹ kó wà láàárín àwo rẹ̀ àti púlè (àgbá tí bẹ́líìtì ń yí) kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ó bá sì ti jẹ tí àlàfo náà fẹ̀, AC yóò máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀ tí gbogbo nǹkan tutù, yóò sì máa já nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, yíyọ òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kúrò nínú kílọ́ọ̀ṣì náà ti tó láti yanjú rẹ̀. Odindi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni àwọn mìíràn ti rà nítorí irú nǹkan báyìí.

Àwọn àmì mìíràn wà tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ lè kà. AC tó ń tutù dáadáa bí ọkọ̀ bá ń sáré lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, àmọ́ tó ń gbóná bí ọkọ̀ bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Olú-Ọdẹ, fáànù tàbí kọ̀ndẹ́nsà tó dí ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde bá tutù ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ó ṣeé ṣe kí eruku ọyẹ́ ti dí fílítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ wọn ní.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá kan géèjì, ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára tí gáàsì fi ń tì nínú ọ̀nà rẹ̀. Họ́ọ̀sì búlúù ni wọ́n ń so mọ́ apá tí agbára gáàsì ti kéré, họ́ọ̀sì pupa ni wọ́n sì ń so mọ́ apá tó ti ga. Nínú ooru bíi tiwa, ọkọ̀ tó ń lo gáàsì R134a, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tòkunbọ̀ tó ń rìn nígboro Òṣogbo, yóò máa fi nǹkan bí 30 sí 55 psi (òṣùwọ̀n agbára gáàsì) hàn lápá búlúù àti nǹkan bí 200 sí 280 psi lápá pupa nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, gáàsì ti dín. Bí méjèèjì bá ga rékọjá, fáànù kò ṣiṣẹ́, kọ̀ndẹ́nsà ti dí, tàbí kí ẹnì kan ti rọ gáàsì ní àrọjù. Bí búlúù bá já wálẹ̀ dé òdo, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti dí ojú fáàfù tóóró náà. Ìgbà tí búlúù bá ga tí pupa sì wálẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń sún mọ́ ara wọn, ni a tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura gidigidi sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Oníṣẹ́ tó bá sọ pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti kú gbọ́dọ̀ lè fi géèjì yìí han ẹni tó ni ọkọ̀.

Géèjì tí wọ́n kà nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́ kò lè sọ iye gáàsì tó wà nínú ọkọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí olómi díẹ̀ bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, R134a yóò fi nǹkan bí 95 psi hàn ní 30°C, ì báà kún, ì báà ku ìdajì. Òṣùwọ̀n nìkan ló lè sọ òtítọ́ ibẹ̀. Ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń sọ iye gíráàmù tí ọkọ̀ ń gbà, ó sì sábà máa ń wà láàárín 400 àti 800 nínú ọkọ̀ kékeré. Ẹni tó ń rọ gáàsì láti inú sílíńdà láìgbé e sórí òṣùwọ̀n, tó kàn ń fọwọ́ kan páìpù láti mọ̀ bóyá ó ti tutù, ń fojú díwọ̀n owó oníbàárà ni.

Ibi tó ń jò kì í sábà farasin fún ẹni tó bá fara balẹ̀ wá a, nítorí òróró máa ń bá gáàsì jáde, eruku a sì lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀. Omi ọṣẹ ló rọrùn jù, ṣùgbọ́n rírọ náítírójìn sínú ọ̀nà gáàsì kí wọ́n tó fi ọṣẹ wò ó dára jù ú lọ, nítorí pé náítírójìn kò wọ́n tó gáàsì. Lọ́pọ̀ ìgbà, òrùka rọ́bà kékeré kan, ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, tàbí ojú kọ̀ndẹ́nsà tí òkúta ta lójú ọ̀nà ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà gáàsì sílẹ̀, ó di dandan kí wọ́n fi ẹ̀rọ fákúùmù fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde fún nǹkan bí ìdajì wákàtí ó kéré tán, kí wọ́n tì í, kí wọ́n sì wò ó bóyá géèjì yóò dúró. Omi tó bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀ yóò di yìnyín lójú fáàfù, bó bá sì pẹ́, yóò dà pọ̀ mọ́ òróró àti gáàsì di ásíìdì tí yóò máa jẹ irin láti inú.

Ibi tí a ti dé yìí gan-an ni owó àti àṣà ti pàdé. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ AC kì í gba owó àyẹ̀wò, nítorí oníbàárà kò gbà pé wíwò lásán jẹ́ iṣẹ́. Nítorí náà, àfi bí wọ́n bá rí nǹkan pààrọ̀ ni wọ́n tó lè jẹun, kò sì yani lẹ́nu pé wọ́n máa ń rí i. Ó sàn kí ènìyàn bá oníṣẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun yóò san owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, ì báà ṣe àtúnṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí kò ṣe é. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìnájà. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé wọ́n dá ₦250,000 lé iṣẹ́ kan, oníbàárà sì ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ₦180,000,” oníṣẹ́ náà sì gbà. Owó tí ontàjà ń ta kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò yí padà, gáàsì kò sì di ọ̀fẹ́. Ohun tó kù láti gé ni ohun tí ojú oníbàárà kò ní rí: dráyà tuntun, òróró tó bá ọkọ̀ náà mu, àti ìdajì wákàtí fákúùmù. Ẹni tó ná gbogbo rẹ̀ pọ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ yọ àwọn nǹkan tó ń mú kí àtúnṣe pẹ́. Ọ̀nà tó gbọ́n ni kí wọ́n kọ owó pààsì (ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n ń rà láti pààrọ̀), owó gáàsì àti owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìnájà sì dúró lórí pààsì, kí oníbàárà tilẹ̀ lọ bèèrè iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ níbòmíràn.

Pààsì náà ní ìtàn tirẹ̀. Èyí tí kò bá sí ní Òṣogbo, Àràròmí ní Ìbàdàn tàbí Ladipo ní Èkó ni wọ́n sábà máa ń ránṣẹ́ sí, owó ọkọ̀ àti èrè ẹni tó gbé e wá yóò sì wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye pààsì tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ti fò sókè, kì í sì í ṣe oníṣẹ́ ló fà á. Ohun tó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ni láti sọ bóyá tuntun ni tàbí àlòkù. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, ní kí ontàjà sọ ọ́ gbangba bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe.

Àwọn ìgbà kan wà tí bílì gígùn jẹ́ òótọ́ ju bílì kúkúrú lọ. Bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá fọ́ nínú, lúbúlúbú irin yóò tàn ká gbogbo ọ̀nà gáàsì. Kọ̀ndẹ́nsà òde òní ní ihò tín-ín-rín tí fífọ̀ kò lè mọ́ dáadáa, nítorí náà oníṣẹ́ tó bá ní kí wọ́n pààrọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀, kọ̀ndẹ́nsà, dráyà àti fáàfù pa pọ̀ kò ṣe àṣejù, bí ó bá ti lè fi òróró dúdú tó ń dán pẹ̀lú irin náà hàn. Èyí tó fẹ́ pààrọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ nìkan ni yóò mú kí oníbàárà ra òmíràn láìpẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóìlì ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kóìlì náà lè má wọ́n, ṣùgbọ́n títú dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀ àti dídá a padà láìjẹ́ pé ó ń dún gìrìgìrì jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ń lo gáàsì R1234yf, tó wọ́n ju R134a lọ. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ọkọ̀ hybrid, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù àti iná bátìrì pọ̀, sábà máa ń lo iná mànàmáná tó lè pani, òróró àkànṣe tí kì í jẹ́ kí iná jò ni wọ́n sì ń dà sí i, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ẹni tó ní géèjì.

Ohun tó pọ́n dandan láti kọ̀ ni gáàsì ìdáná tí àwọn kan ń rọ sí AC, nítorí iná lè gbà á bí ó bá jò sínú ọkọ̀, àti oògùn tí wọ́n ní ó ń dí ojú ihò, nítorí ó lè dí ojú fáàfù pẹ̀lú, kí ó sì ba ẹ̀rọ oníṣẹ́ tó bá tún fọwọ́ kàn án jẹ́.

Bí owó kò bá sí nílẹ̀, AC lè dúró de ìgbà mìíràn, ṣùgbọ́n kí wọ́n dí ẹnu gbogbo páìpù tí wọ́n bá ṣí, kí ọ̀rinrin má baà wọlé. Púlè kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń pariwo ni kò ṣeé fi sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì kan náà ló ń yí ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì, nínú àwọn mìíràn ó tún ń yí ẹ̀rọ tó ń ti omi rédíétọ̀. Bí púlè bá há, bẹ́líìtì yóò já, ọkọ̀ yóò sì dúró sójú ọ̀nà Ìkìrun. Ẹni tí kò bá lè ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lásìkò náà lè ní kí wọ́n pààrọ̀ bíárìn púlè nìkan, tàbí, níbi tí ọkọ̀ bá ti gbà á, kí wọ́n fi bẹ́líìtì kúkúrú tí kò kan kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sí i.