Ẹ Má Dúró De Ìparí Apá Kan

Ẹni mẹ́ta ló wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi ní Òkè-Fíà, Òṣogbo, lọ́sẹ̀ tó kọjá pé oorun ti dá lójú àwọn, àyà sì ń já àwọn. Nígbà tí mo tú ọ̀rọ̀ náà wò, fíìmù alápá-púpọ̀ ni gbogbo wọn ń wò mọ́jú lórí fóònù. Méjì nínú wọn ní fíìmù náà kò tilẹ̀ dùn mọ́, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, dandan ni kí àwọn parí rẹ̀. Ta ló fi dandan lé e? N kò rí ẹni tó dá mi lóhùn.

Iṣẹ́ tí a dá dúró láàárín a máa pe ènìyàn padà. Nínú ìwádìí tí Maria Ovsiankina, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ènìyàn, ṣe ní Berlin, tó sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1928, ó fún àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ kéékèèké, ó dá wọn dúró kí wọ́n tó parí, ó sì rí i pé bí wọ́n bá ti ráyè, ọ̀pọ̀ wọn a padà sídìí iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Àwọn tó ń ṣe fíìmù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ni wọ́n máa ń gé apá kọ̀ọ̀kan sí. Nítorí náà, ẹ má dúró de ìparí apá kan kí ẹ tó pa fóònù, ibẹ̀ gan-an ni ìwọ̀ wà. Ẹ pa á láàárín apá tó tẹ̀lé e, nígbà tí ẹ bá ti rí ẹni tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ oorun ni kò jẹ́ kí n lè fi ẹ̀rín bò ó. Reed Hastings, ọ̀gá Netflix nígbà náà, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé fíìmù jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sọ ní ọdún 2017 pé oorun ni ilé-iṣẹ́ àwọn ń bá du àkókò ènìyàn. Àgbàlagbà nílò wákàtí méje, ó kéré tán. Lójú oorun ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti máa ń wálẹ̀, ẹni tí kì í sì í sùn tó ń fi ara rẹ̀ sínú ewu ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ẹ má sì sọ fún mi pé obì ni ẹ ó máa fi lajú lọ́jọ́ kejì, nítorí kaféènì, èròjà inú rẹ̀ tó ń lé oorun, máa ń lò tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ti ra àìsùn mìíràn.

Lọ́dún tó kọjá, aríran kan sọ fún aránṣọ kan nítòsí Ọjà Ọba pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń jí oorun rẹ̀ gbé, ó sì bu àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ fún un. Ogún ọdún ni mo ti fi ń ṣe nọ́ọ̀sì aláìsàn ọpọlọ, n kò tíì rí oorun tí àjẹ́ jí gbé. Èyí tí olóorun fúnra rẹ̀ lé lọ ni mo ń rí. Nígbà tí àgbo kò ṣiṣẹ́, aránṣọ náà ra oògùn oorun lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn nínú ọkọ̀, ó sì lo méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ rẹ̀ jí i títí, kò dáhùn. Oògùn oorun àti ọtí, bí wọ́n bá pàdé nínú ara, lè dá èémí dúró. Obìnrin náà yè é, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ tó tètè ké gbàjarè. Ẹni tó bá ní ìgò irú àgbo tàbí oògùn bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó mú un dání nígbà tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, kí ó sì sọ orúkọ oògùn tó ti gbé mì fún mi kí ó tó sọ orúkọ fíìmù.